Bí A Ṣe Wá Àyè fún Sípíkà Méjì ní Ẹgbẹ́dá

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni ọkọ mi ra ẹ̀rọ tí ń lu àwo orin lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀. Akọ̀wé kánsù ni ọkọ mi, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé ìjọ wa ní Ẹgbẹ́dá. Ilé àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ni a háyà. Òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé apá òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa ń gbé apá ọ̀tún. A ní pálọ̀ kan àti yàrá méjì. Ògiri amọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ilẹ̀ náà sìmẹ́ńtì ni. Páànù ló wà lókè, kò sí àjà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò dà bí gírámafóònù tí bàbá mi ní nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, tó sì ní ẹnu bí ìwo. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni a ń gbé àwo lé. Ohùn rẹ̀ ń gba inú wáyà lọ sínú sípíkà méjì, onípákó, tí wọ́n fi aṣọ bo ojú wọn. Kò sí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ní àdúgbò wa, nítorí náà bátìrì mọ́tò ló ń lò, tí a máa ń fi rán onímọ́tò lọ sí Ìbàdàn láti lọ ṣáájì rẹ̀.

Kì í ṣe fáàrí ni ọkọ mi tìtorí rẹ̀ rà á. Ìyá rẹ̀ ni ó rà á fún. Láti abúlé kan ní ọ̀nà Akanran ni Màmá ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí bàbá ọkọ mi kú. Nígbà tí ara wọn le, àwọn ni wọ́n máa ń gbé orin fún àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn. Kò sí ẹsẹ orin tí wọn kò mọ̀ lórí. Ṣùgbọ́n etí wọn ti ń wúwo. Ọkọ mi gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn, àwọn dókítà fọ etí náà, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Nígbà tó yá, Màmá kò bá wa lọ sí ìsìn mọ́. Mo bi wọ́n léèrè ìdí.

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe?" ni wọ́n wí. "Mo kàn ń wo ẹnu wọn ni. Bí wọ́n bá dìde, èmi náà á dìde."

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọkọ mi gan-an. Nígbà tó gbọ́ pé òyìnbó náà fẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ bá a, ó sì ra àwo orin ìjọ tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìgboro kọ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló gbé sípíkà méjèèjì sí, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó bá dára nínú ilé máa ń wà. Ọ̀kan wà ní ìkángun ọ̀tún, èkejì ní ìkángun òsì, ẹ̀yìn wọn sì fara ti ògiri. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni gíláàsì àti àwo tánganran ìgbéyàwó wa wà. Bí orin ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí wọ́n ń dún ṣinrinṣinrin. Màmá jókòó sórí àga, wọ́n káwọ́ lé ẹsẹ̀, wọ́n sì tẹ́tí.

"Orin wo nìyẹn?" ni wọ́n bi ọkọ mi.

"Orin ìjọ ni, Ìyá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Èdè wo ni wọ́n fi ń kọ ọ́?"

"Yorùbá ni, Ìyá."

"Ó dáa."

Wọ́n fara balẹ̀ títí àwo náà fi parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n gbé ọpọ́n ẹ̀gúsí wọn, wọ́n ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò omi."

Ọkọ mi rò pé kò dún tó ni. Lọ́jọ́ kejì ó yí i sókè. Ṣinrinṣinrin inú kọ́bọ́ọ̀dù di ariwo, ṣùgbọ́n Màmá kò jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó wọlé ni bàbá onílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́.

"Akọ̀wé, má bínú," ni ó wí. "Mi ò ní kí o má gbádùn ara rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló wà láàrin yàrá tí mo ti ń kírun alásárì àti pálọ̀ rẹ. Bí mo bá ti forí kanlẹ̀, nǹkan kan ń lù mí gìdì-gìdì láti inú ilẹ̀."

Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ó sì pa ẹ̀rọ. Ó gbé sípíkà kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé wọn sílẹ̀ sí kọ̀rọ̀ méjèèjì, níbi tí ògiri ti pàdé ògiri. Gíláàsì kò dún mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn náà wá burú sí i. Àwọn ọkùnrin tó ní ohùn wúwo nínú orin náà bo gbogbo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Èmi tí etí mi yè, tí mo mọ orin náà, ọ̀rọ̀ kan níbí ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún ni mò ń gbọ́. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Inú rẹ̀ kò dùn.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ Sátidé kan tí mo fẹ́ fọ ilẹ̀ pálọ̀. Mi ò fẹ́ kí omi kan ìdí sípíkà. Mo wọ́ ọ̀kan kúrò ní kọ̀rọ̀, mo gbé e lé orí àpótí tí mo máa ń jókòó lé dáná, mo sì fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí àárín pálọ̀. Mo lọ pọn omi sí i ní ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ mi jáde láti yàrá, ó fẹ́ máa gbọ́ orin bó ṣe ń lọ aṣọ, ó fi àwo sí i láì wo ohun tí mo ṣe. Bí mo ti ń gbé omi bọ̀, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń kọrin ketekete, bí ẹni pé ó dúró nínú ilé wa. Mo sọ garawa kalẹ̀.

"Ẹ wá síbí ná," ni mo wí fún ọkọ mi.

"Aṣọ ló wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, kí ẹ wá dúró síbí."

Ó wá. Ó kọ́kọ́ dúró, ó wá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, ó gbé etí sí sípíkà tó wà lórí àpótí, ó rìn lọ síbi èyí tó kù ní kọ̀rọ̀, ó gbé etí sí ìyẹn náà, ó tún padà. Ó lọ gbé àpótí kejì ní ibi ìdáná, ó gbé sípíkà tó kù lé e, ó wọ́ ọ jáde láti kọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí omi kò tíì dé, a gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kọ̀rọ̀ ló ń kó ohùn wúwo jọ, tó ń mú un lágbára ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa. Etí wa la fi mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni pálọ̀ wa kò ti fara balẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, tí ọkọ mi ti kánsù dé, a ó jẹun, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sípíkà. Bí wọ́n bá súnmọ́ ògiri jù, ohùn náà á ki bí ẹ̀kọ tí omi rẹ̀ kò tó. Bí wọ́n bá jìnnà jù, orin á di tín-ín-rín, àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ á pòórá. Bí wọ́n bá kọjú síra jù, ohùn á di ọ̀kan ṣoṣo láàrin. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, á dà bíi pé ẹgbẹ́ akọrin méjì ló ń bára wọn jà. Mo mú ṣọ́ọ̀kì wá láti ilé-ìwé, mo ń fi sàmì sílẹ̀ síbi tó bá dára, kí a má baà gbàgbé. Nígbà tó yá, ilẹ̀ náà kún fún àmì funfun débi pé a kò mọ èyí tó jẹ́ tuntun mọ́.

Màmá á jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa wò wá.

"Ṣé eré ọmọdé lẹ̀ ń ṣe ni?" ni wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan.

Mo súnmọ́ etí ọ̀tún wọn, nítorí ó sàn ju tòsì, mo ní, "Nítorí yín ni, Màmá."

"Nítorí mi kẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún padà sídìí ẹ̀gúsí wọn.

Ìṣòro mìíràn ni àlejò. Nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ mi wá ṣe ìpàdé, wọ́n rí sípíkà méjì lórí àpótí ìdáná láàrin pálọ̀, àga sì wà ní ibi tí àga kì í sí. Kí a tó wí, wọ́n ti gbé gbogbo rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí àyè lè gbà wọ́n. Ọkọ mi fọwọ́ lérán. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní kí á máa bá a níṣó.

Àpótí ìdáná kò dúró déédéé. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ilẹ̀ wa kò tẹ́jú, ẹsẹ̀ kan ń rábàbà. Bí ohùn wúwo bá dé, sípíkà á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ọ̀rọ̀ orin á sì tún dàrú. A fi bébà tí a ká sábẹ́ ẹsẹ̀ náà, ó ń yọ̀. Ọkọ mi gbé sípíkà lé tìmùtìmù òwú. Gbígbọ̀n dúró, ṣùgbọ́n orin náà wá ń falẹ̀, ó rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn.

Lọ́jọ́ kan mo ń dáná lẹ́yìnkùlé, mo ń wo ìkòkò lórí ààrò. Ilẹ̀ ibẹ̀ burú ju ti pálọ̀ lọ, síbẹ̀ ìkòkò náà kò mì. Mo wọlé lọ bá ọkọ mi.

"Ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i."

"Mẹ́ta? Yóò ṣubú."

"Ìkòkò ọbẹ̀ yín kì í ṣubú."

Ó rò ó díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá kápẹ́ńtà, ó ní kó fi igi ìrókò kan ìjókòó méjì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n ga tó ibi etí ẹni tó bá jókòó. Kápẹ́ńtà béèrè bóyá ọba kékeré kan ló fẹ́ jókòó lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n wúwo, wọn kò sì mì. Ọkọ mi wá gé táyà mọ́tò tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó tún fi pẹlẹbẹ mẹ́ta sáàrin sípíkà àti igi. Rọ́bà náà le ju tìmùtìmù lọ, ó sì rọ̀ ju igi lọ. Ohùn náà wá dá ṣáká.

Ó ku òfìfo ilé náà. Bí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́ ní pálọ̀ wa, ògiri á dá a lóhùn, páànù náà á dá a lóhùn. Màmá ní aṣọ kíjìpá kan tó nípọn tí wọn kò lò mọ́. Mo tọrọ rẹ̀, mo fi ta ojú fèrèsé. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú àga, mo so ọ̀kan kọ́ sára ògiri tó wà lẹ́yìn àga. Àwọn tó bá wọlé á bi mí bóyá a fẹ́ sùn ní pálọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohùn kò sáré kiri mọ́. Ti òjò nìkan ni a kò rí nǹkan ṣe sí. Bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí páànù, a ó pa ẹ̀rọ, a ó jókòó.

Lásìkò yìí ni bàbá onílé tún yọjú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ̀rọ rẹ bàjẹ́ ni? Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ ti lù mí kẹ́yìn."

Ọkọ mi ní kó wọlé. Orin sákárà ló wà lórí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Bàbá náà bọ́ bàtà sílẹ̀, ó jókòó sórí àga tó wà láàrin. Ó wo sípíkà ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó wá ń wo àárín wọn níbi tí kò sí nǹkan kan àfi ògiri.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ni ó bi wá.

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá."

"Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti ń kọrin."

Ó jókòó títí ìrun fi pè é. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti oko dé, á gba ọ̀dọ̀ wa kọjá.

Màmá ni a kò tíì rí mú wọlé. Ọkọ mi kò fẹ́ fi agbára mú wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a ti ìsìn dé, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá mi ṣa ẹ̀gúsí ní pálọ̀ nítorí oòrùn ẹ̀yìnkùlé mú. Mo mú wọn jókòó sórí àga àárín, mo yí àga náà díẹ̀ kí etí ọ̀tún wọn lè kọjú sí orin. Ọkọ mi fi àwo orin ìjọ sí i. Kò yí i sókè. Kódà ó lọ sílẹ̀ ju bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ lọ.

Ọwọ́ Màmá ń ṣa ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ náà dúró. Wọn kò gbójú sókè. Mo rí i pé ètè wọn ń mì. Orin náà dé ibi ẹsẹ tó tẹ̀lé e, Màmá gbé ọpọ́n kúrò lórí ẹsẹ̀ wọn.

"Wọ́n fo ẹsẹ kejì," ni wọ́n wí.

"Kí lẹ wí, Ìyá?" Ọkọ mi ti dìde.

"Mo ní wọ́n fo ẹsẹ kejì. Ta ló kọ́ wọn lórin? Ẹsẹ kejì ló dùn jù níbẹ̀. Dá a padà."

Ọkọ mi dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Màmá bá wọn kọ ọ́. Ohùn wọn ti ya, kò sì kọ́kọ́ bá ohùn àwọn akọrin náà mu, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọrin kẹ́yìn. Nígbà tí àwọn akọrin fo ẹsẹ kejì, Màmá kò fò ó. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n sì wá bá wọn nínú ẹsẹ kẹrin. Ọkọ mi kọjú sí fèrèsé, ó ń tún kíjìpá tí mo ta síbẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ń ṣa ẹ̀gúsí, ojú mi kò ríran dáadáa.

Nígbà tí àwo parí, Màmá kọjú sí mi. Wọ́n wá bi mí pé, "Ìyàwó mi, ẹ̀rọ yìí kọ́ ni wọ́n gbé wá níjọ́sí?"

"Òun náà ni, Màmá. Ibi tí a gbé e sí la yí padà."

"Ibi tí ẹ gbé e sí nìkan?"

"Àti ibi tí ẹ jókòó sí."

Wọ́n tún padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e pé, kí n tó wẹ̀ tán, Màmá ti wọ aṣọ, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dúró dè wá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bẹ́ǹṣì àwọn ìyá àgbà wà lẹ́yìn pátápátá, ní kọ̀rọ̀, lábẹ́ páànù, ibi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́. Àpọ́nlé ni wọ́n fi ṣe é. Màmá dé ibẹ̀, wọ́n wo kọ̀rọ̀ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n sì rìn kọjá. Wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò jìnnà sí àga ìwàásù, láàrin àwọn ìyàwó ilé tí ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Obìnrin tó ń tọ́jú ibi ìjókòó wá bá wọn.

"Màmá, àyè yín wà lẹ́yìn."

"Mo rí i," ni Màmá wí, wọn kò sì dìde.

Ọ̀rọ̀ náà di ohun tí wọ́n ń sọ kiri. Ìyá ìjọ, tó ń jókòó ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà yòókù, bínú pé Màmá ka àwọn sí ẹni tí kò yẹ láti bá jókòó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, katikíìsì tó ń darí ìjọ wa wá sílé wa. Ó kí wa, ó mu omi, ó yí ọ̀rọ̀ ká títí ó fi dé orí ibi tí Màmá jókòó sí. Ọkọ mi fẹ́ dáhùn, Màmá nawọ́ dá a dúró.

"Katikíìsì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́," ni wọ́n wí. "Ní kọ̀rọ̀ yẹn, ariwo lásán ni mò ń gbọ́. Níbi tí mo jókòó sí lánàá, mo gbọ́ ìwàásù yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin."

Inú katikíìsì dùn. "Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀, Màmá?"

"Gbogbo rẹ̀. Ó gùn jù."

Ọkọ mi wúkọ́. Katikíìsì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó lọ bá ìyá ìjọ sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí méjì nínú àwọn ìyá àgbà fi kúrò ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n wá jókòó ti Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó wá hàn pé àwọn náà kì í gbọ́ nǹkan kan láti ọjọ́ yìí wá, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ. Ìyá ìjọ ní tirẹ̀ kò kúrò ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń kí Màmá.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ mi lọ sí Akínyẹlé. Ilé tí a rí háyà níbẹ̀ ní pálọ̀ gbọọrọ tó tẹ́ẹ́rẹ́, fèrèsé rẹ̀ wà ní apá kan ṣoṣo. Gbogbo àmì tí a mọ̀ ní Ẹgbẹ́dá kò wúlò níbẹ̀. Ó di pé kí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sípíkà láti ìbẹ̀rẹ̀, Màmá sì jókòó láàrin ẹrù tí a kò tíì tú, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe: síwájú díẹ̀, ó tó, ẹ dá a padà.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìsìn wa àkọ́kọ́ níbẹ̀, wọ́n ní kí n mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Katikíìsì ibẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan, ń gbá inú ilé náà lọ́wọ́. Màmá kí i, wọ́n ní kó jọ̀wọ́ gun orí àga ìwàásù, kó sì máa sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rọ̀ wo ni kí n sọ, Màmá?"

"Èyíkéyìí. Sọ ohun tí o jẹ láàárọ̀."

Ó wò mí, mo mi orí sí i. Ó gun òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ẹ̀kọ àti àkàrà tí ó jẹ, àti oko tó fẹ́ lọ bí ó bá gbálẹ̀ tán. Màmá ń ti orí bẹ́ǹṣì kan bọ́ sórí òmíràn, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń yí orí, wọ́n ń dìde. Nígbà tí wọ́n dé bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ní apá òsì, wọ́n jókòó pẹ́.

"Ibí yìí ni," ni wọ́n wí fún mi. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà, wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, a sì lọ sílé láti lọ dáná ọ̀sán.